Àwọn Ìwé Tí Mo Gbé Sórí Àjà

Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, tí àwọn òbí yín ń bi léèrè lójoojúmọ́ pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn tí mo fi mú bírò. Rèbékà ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Kabba tí ẹ ní Rèbékà lẹ ń wá, wọn yóò kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ ní Ìyá Oníwèé. Ọlọ́kadà tó bá gbé yín kò ní béèrè ojúlé.

Ilé ìkàwé ìjọ wa ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́bìnrin mi títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ládùúgbò wa pè mí, ó ní, "Rèbékà, wọ́n ní o ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ kí ni?"

"Mò ń tọ́jú ìwé, mà."

"Ṣé ara ìwé ò yá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìbéèrè gidi ló bi mí. Ìwé a máa ṣàìsàn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún mẹ́ta, aláìsàn ni. Èyí tí etí rẹ̀ ti ká, tí epo ọbẹ̀ ti ta sí lára, tó ti sùn nílé mẹ́wàá, ara rẹ̀ le koko.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti mọ̀wé kà, nínú ilé ìjọsìn, lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ìfẹ̀yìntì. Olùṣọ́ àgùntàn wa rí i pé n kì í fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀ bí wọ́n bá lu aago, ló bá fi mí lé Tíṣà lọ́wọ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́. Owó oṣù iṣẹ́ náà kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ebi pa wá. Ọ̀rọ̀ owó tán níbẹ̀ yẹn.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pe Bàbá Èsékíẹ́lì, ọmọ Ẹ̀júkù ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ti fẹ̀yìn tì kí ìjọ tó fi ilé ìkàwé lé e lọ́wọ́. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í pariwo. Èmi, ẹni tí kì í pariwo ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣoṣo lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbọn eruku, mò ń fọwọ́. Ó lè wá dúró lẹ́yìn mi kó ní, "Rèbékà, òórùn kí ni mo ń gbọ́ yìí?" Bí mo bá dáhùn pé ẹ̀pà ni mo jẹ, ìta gbangba ni, títí ọwọ́ mi yóò fi mọ́. Bí ìwé tuntun bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí i, ewé díẹ̀ láti iwájú, ewé díẹ̀ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá àgbà ṣe ń na apá ọmọ tuntun lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìdánwò mi. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ ka ìwé kan tán, kí n sì wá jíṣẹ́ rẹ̀. N kò ní gbàgbé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo ní, "Ó dára, sà."

"Kí ló dára?"

"Ìwé náà ni, sà."

"Ó dára fún ta ni?"

Mo tún ṣí ìwé náà wò.

"Ọbẹ̀ ata dára," ni Tíṣà wí. "Ṣé wàá bù ú fún ọmọ ọwọ́? Má ṣe sọ fún mi mọ́ pé ìwé kan dára. Orúkọ ẹni tó dára fún ni kí o sọ, kí o sì sọ àdúgbò tó ń gbé."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ènìyàn. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, mò ń wo ojú gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, mò ń wá ẹni tó ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan rò pé mò ń wá ọkọ. Mo sì rí ọkọ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìtàn òní.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo yan ìwé fún ni Súlè, bíríkìlà kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ ní Kabba. Ó ní òun fẹ́ ohun tí òun lè máa kà lọ́jọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́. Mo ronú, mo ní bíríkìlà ni, mo bá gbé ìwé ńlá kan fún un tí ó dá lórí ilé kíkọ́. Inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Ọjọ́ kejì, Súlè gbé e padà.

"Àǹtí," ó ní, "láti Mọ́ńdè dé Sátidé, sìmẹ́ńtì ni mo ń pò. Òjò rọ̀, mo ní kí n sinmi, ẹ tún bu sìmẹ́ńtì fún mi."

Tíṣà gbọ́. Kò bá mi wí lójú Súlè. Nígbà tí ó lọ tán, Tíṣà fa ìwé tín-ínrín kan yọ, ìtàn ọkùnrin kan tí ràkúnmí rẹ̀ sọnù nínú aṣálẹ̀, ó ní kí n gbé e tọ Súlè lọ níbi tí ó ti ń mọ ilé, ní ìpẹ̀kun ìlú. Mo ní ṣé kí n wọ mọ́tò. Ó ní rárá, ẹsẹ̀ ni kí n fi rìn, kí n lè máa ronú bí mo ṣe ń lọ. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Súlè fi padà wá pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, tó ń béèrè bóyá ràkúnmí mìíràn tún wà. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni la fi ń yan ìwé fún un. Ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé, ibẹ̀ ni kí a wò.

Bí ẹ bá wá bi mí bí a ṣe ń mọ ìwé tó dára, ohun tí Tíṣà kọ́ mi náà ni mo mọ̀. Ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sókè fún ẹni tó wà níwájú rẹ, kí o sì pa ìwé dé. Bí ó bá dìde, kì í ṣe tirẹ̀. Má bínú, gbé òmíràn. Bí ó bá ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?", fi lé e lọ́wọ́, kí o sì kúrò lọ́nà rẹ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, páálí kéékèèké la fi ń kọ orúkọ ìwé àti ti ẹni tó yá a, a ó tò wọ́n sínú àpótí onígi. Lẹ́yìn náà la rí taipuráítà, tí ó ń dún bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́. Iná kò sí, adìyẹ sì yé sínú páálí tí wọ́n fi dì í wá, ọmọ mẹ́sàn-án ló pa níbẹ̀. Nígbà tí fóònù dé, gbogbo ènìyàn ní ìwé ti kú. Èmi kò bá wọn sunkún. Mò ń ya àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́, mò ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìyá, àwọn kan á sì pè mí padà pé èyí tó kù dà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí páálí kò lè ṣe, tí fóònù kò sì lè ṣe. Ọlidé ńlá ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ilé ìwé á padé, ọmọ á wà nílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àkókò náà ló yẹ kí ènìyàn ka ìwé tí kì í ṣe ti ìdánwò, ìwé tí kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn náà ni èpò ń gorí iṣu, ni àgbàdo ń gbó, ni ẹ̀gúsí ń jáde. Tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ á kún ilé ìkàwé nítorí ìdánwò. Tí ọlidé bá dé, èmi àti alángbá ló kù. Mo lọ bá àwọn òbí nílé. Ìyá kan dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ dìde, ó ní, "Ìyá Oníwèé, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà, ṣé ó lè bá mi tu èpò?" Mo padà sílé. Kì í ṣe pé ó rí mi fín. Òtítọ́ ló sọ.

Tíṣà ti darúgbó nígbà náà, ó ti padà sí Ẹ̀júkù, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìjọ wa nígbà náà ni Bàbá Jósẹ́fù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ti bá ìjọ ra ogójì àga rọ́bà tí wọ́n fẹ́ máa fi ránṣẹ́ sí ibi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, kò sì rí ibi tó lè kó wọn sí. Ó wọ inú ilé ìkàwé mi lọ́sàn-án ọlidé kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Orúkọ ọmọ mi ló fi máa ń pè mí.

"Ìyá Bọ́lá, ta lẹ ń dúró dè?"

"Àwọn ọmọ ni, sà."

"Àwọn ọmọ wà lóko. Yàrá tó tóbi tó báyìí, alángbá ló ń kàwé níbẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó fún mi ní ọlidé kan sí i. Ó gbà. Ó ní bí ọlidé tó ń bọ̀ bá tún lọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ ibẹ̀, àga ni yóò wọlé, ìwé yóò sì jáde. A bọ ara wa lọ́wọ́ lé e lórí.

Kí ọlidé yẹn tó dé, ikán dé.

Mo rí ilẹ̀ pupa tín-ínrín tó ń gun ògiri lọ sí ibi tí mo to àwọn ìwé ìtàn sí. Pákó ìsàlẹ̀ ti di ihò. Mo sọ fún ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí n ní sùúrù títí di ìpàdé tó ń bọ̀. Ikán kì í dúró de ìpàdé. Mo délé, mo jókòó sí ilé ìdáná, omijé ń bọ́ lójú mi. Ìyá ọkọ mi ló bá mi níbẹ̀. Ọmọ Ayéwà ni, ní ilẹ̀ Bùnù, tó hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ìyá Ayéwà la ń pè é.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Ikán ni, Ìyá. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ inú ìwé."

Ó na ọwọ́ sókè sí àjà, níbi tí a ń kó irúgbìn àgbàdo sí lókè ààrò, kí èéfín lè máa kọ lù ú. "Èyí tí a fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ṣé kòkòrò ti jẹ ẹ́ rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí ni ìwé fi ju àgbàdo lọ?"

Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ohun tí àwọn bàbá wa fi ń gba irúgbìn lọ́wọ́ kòkòrò láti ayébáyé, mo ní kí ló dé tí kò ní gba ìwé. Mo di gbogbo ìwé ìtàn sínú àpò, ó lé ní àádọ́rin, mo sì gbé wọn sórí àjà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yangàn. Ikán kan kò débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, ni àwọn ẹbí ọkọ mi ṣe ìdúpẹ́ nílé wa. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló wà lórí iná fún ọjọ́ méjì, igi àyìn, tí iná rẹ̀ kì í tètè kú, la sì fi dá a. Èmi náà wà nídìí ọbẹ̀, mò ń kọrin ìyìn. N kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo sọ àpò àkọ́kọ́ kalẹ̀, tí mo fa ìwé kan yọ, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló bá ọwọ́ mi wá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìwé ti yọ́ nínú ooru, ó sì ti gbẹ di ìyẹ̀fun. Mo da àpò náà sílẹ̀. Gbogbo ewé tú, wọ́n dà mọ́ra wọn, wọ́n ti pọ́n bí ẹja yíyan, wọ́n sì ń rùn bẹ́ẹ̀. Àpò kejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn.

Bàbá Jósẹ́fù gbọ́, ó wá. Ó mú ojú ìwé kan, ó gbé e sí imú.

"Ìyá Bọ́lá, ṣé a ó kà á ni, àbí a ó fi se ọbẹ̀?"

Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ewé náà lélẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àdéhùn wa ò yí padà o. Bí ọlidé bá ti fẹ́ parí, n ó wá."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹ̀júkù lọ́jọ́ kejì. Mo bá Tíṣà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un.

"Ta ló gbé wọn gun àjà?" ló bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kí o gbé wọn?"

Mo la ẹnu láti dárúkọ Ìyá Ayéwà. Mo pa á dé. "Èmi náà ni, sà."

Ó mi orí. "Ká ní o dárúkọ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ yóò ti parí. Ṣé o mú lára rẹ̀ wá? Kà á."

Mo yọ ewé kan nínú báàgì, mo ka ìlà márùn-ún. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọbìnrin tó ń tọ odò lọ ni. Apá ibi tí bàtà rẹ̀ ti já." Ó ti tó ogún ọdún tó ti ka ìwé yẹn! Ó ní, "Nọ́ńbà tó wà lórí ewé yóò sọ fún ọ pé ojú ìwé kẹtàlélógún ni. Kò ní sọ fún ọ pé ti ìwé wo. Ẹni tó bá kà á nìkan ló lè mọ̀. Ìwọ nìkan kò sì lè kà á tán kí ọlidé tó parí. Wá àwọn tí yóò bá ọ kà á."

"Sà, wọ́n wà lóko."

"Ní gbogbo ọjọ́?" ni Tíṣà wí. "Láti àárọ̀ dalẹ́? Òjò kì í rọ̀ ní Kabba mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo délé, òjò ti lé gbogbo ènìyàn wálé láti oko. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ayéwà kún fún àwọn obìnrin àdúgbò àti ọmọ wọn, igbá wà lórí ẹsẹ̀ kálukú, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọjá níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ sí yàrá òfìfo mi. Ọwọ́ wọn ló dí. Etí wọn ṣófo.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ méjì tí mo kó àwọn ewé ìwé náà sí kalẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ má dá iṣẹ́ dúró o. Ẹ kàn bá mi gbọ́ èyí, kí ẹ sọ ibi tí ó ti wá." Mo ka ojú ìwé kan, níbi tí ọmọdékùnrin kan ti gbé omi wá fún ẹṣin, tí ẹṣin kò mu.

"Ti ẹṣin arọ ni!" Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́lá ló pariwo, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó ti yá ìwé lọ́wọ́ mi rí.

"Irọ́ ni," ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáhùn. "Ẹṣin wà nínú ti agbẹ́kànga náà."

"Ẹṣin agbẹ́kànga ló mu omi ìlú tán! Ṣé ẹṣin yẹn lè rí omi kó fi í sílẹ̀?"

Àwọn ìyá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀gúsí ò ní bó ara rẹ̀ o." Ṣùgbọ́n òun náà ló yíjú sí mi. "Kí ló ṣe ẹṣin náà? Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"N kò mọ̀," mo ní. "Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn níbì kan."

Wọ́n fẹ́ da igbá nù láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ìyá Ayéwà ló fi òfin lélẹ̀. Ó ní ẹni tó bá bó igbá ẹ̀gúsí kan tán ló lè fọwọ́, kí ó mú ewé kan, kí ó kà á sókè fún gbogbo ilé, kí a sì jọ sọ ibi tí yóò wà. Igbá kan, ojú ìwé kan. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Ẹ̀gúsí tí àwọn ọmọ ń fi ọjọ́ méjì bó tẹ́lẹ̀, ọ̀sán kan ni wọ́n fi ń bó o tán. Àwọn ìyá tí wọ́n ní ìwé kò lè tu èpò wá ń ránṣẹ́ sí mi pé, "Ìyá Oníwèé, ẹ̀gúsí mi dé láti oko o. Ṣé ẹ ń bọ̀?" A kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ tí kò lè ka ìlà kan láìkọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú bó ẹ̀gúsí kí ó lè kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Ayéwà ló rán àwọn ìwé náà pọ̀. Ó fi òòlu lu ihò sí ẹ̀yìn ìdì ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òwú aṣọ híhun rẹ̀ so wọ́n, òwú pupa tó nípọn. Ojú rẹ̀ kò rí ihò mọ́. Ìka rẹ̀ ló ń rí i. N kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àjà ti wá fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun mọ̀, kò sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò mọ̀wé kà ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọjọ́ kan, ó dá ọwọ́ dúró lójijì. "Ìyàwó, ọmọ tó ń tọ odò lọ yẹn, ṣé ó délé ṣá?" Mo ní a kò tíì rí ewé ìparí rẹ̀. Ó ní kí n tètè wá a, oorun kò kun òun. Ọjọ́ kẹta ni Tọ́lá rí i. A pe Ìyá Ayéwà kí ó wá gbọ́ ọ. Ọmọ náà délé.

Nígbà tí ọlidé ku ọjọ́ mẹ́ta, a ti rán gbogbo ìwé pọ̀ àyàfi mẹ́rin tí ewé wọn kò pé. Bàbá Jósẹ́fù dé bí ó ti wí. Ó bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ilé ìkàwé ni mo ti ń bọ̀. Eruku wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀ ní gbogbo ọlidé."

"Ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀, sà."

Mo lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, onígbàgbọ́ ni mí. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí aṣọ mi, mo fún un. Ó gbà á, kò lọ. Ó ń wo ìwé tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, pẹ̀lú òwú pupa lẹ́yìn wọn.

"Níbo wá ni ìwọ̀nyí yóò wà?"

Kí n tó fèsì, ìyá kan tó ń fẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ní, "Mẹ́wàá á sùn lọ́dọ̀ mi."

"Èmi á kó mẹ́jọ," òmíràn wí. "Kí ti ẹṣin wà níbẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ tèmi ò ní jẹun."

Wọ́n pín wọn tán lójú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Jósẹ́fù wà lára àwọn tó jókòó. Ó kó mẹ́fà sínú igbá rẹ̀, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìní yàrá, láìní kọ́kọ́rọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti inú ọkàn mi wá. Mo ti rò pé yàrá ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí a lè gba irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án, tí ẹ ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ń wá yín ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ dì í mú, ì báà má mú owó púpọ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kò sí àyè láti kàwé ní ọlidé, ẹ má dúró de àyè. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín ti ń dí tí etí yín kò dí, kí ẹ gbé ìwé lọ síbẹ̀. Ẹnìkan á kà, àwọn yòókù á ṣiṣẹ́, ẹ ó sì máa gbà á lọ́wọ́ ara yín.

Àga wọ ilé ìkàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ti ka tirẹ̀ tán fẹ́ ti ẹlòmíràn, wọ́n sì nílò ibi tí wọ́n ti lè pàrọ̀. Ìyàwó Bàbá Jósẹ́fù ló yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà pé òun yóò máa ṣílẹ̀kùn fún wa ní Sátidé, fún wákàtí méjì péré, láàárín àwọn àga. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àga o," ó ní. Ta ló lè sọ ìyẹn fún ọmọ tí ìwé tuntun bọ́ sí lọ́wọ́? Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n dúró. Sátidé kejì, wọ́n fara ti àga. Sátidé kẹta, gbogbo wọn ti jókòó.

Ní Sátidé kan ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ló wá kó àga, Bàbá Jósẹ́fù sì wà pẹ̀lú wọn. Ó wọlé, ó pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ dìde. A fẹ́ kó àga."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Wọn kò gbọ́ ọ ni. Ó súnmọ́ Tọ́lá, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ náà wí, kò gbójú sókè, "ó ku ojú ìwé mẹ́ta."

Bàbá Jósẹ́fù dúró. Ó wo ìlà kìíní, ó wo ìlà kejì, orí kéékèèké tó tẹ̀ wálẹ̀ lórí ìwé. Èmi náà wà ní igun kan, mò ń wò ó. Ní ìta, awakọ̀ fọn fèrè. Ó tún fọn ọ́n.

Ó jáde sí wọn. Mo gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ bá wa lọ wá níbòmíràn. Ènìyàn wà lórí àwọn wọ̀nyí."

Ọdún méjìlá ni mo tún lò nínú yàrá náà lẹ́yìn ìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn àga náà kò jáde mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ní ọlidé tó kọjá, mo yà síbẹ̀ láti kí wọn, mo sì bá àwọn ọmọ kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ẹní. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ogójì àga kò tó mọ́.